Òkúta Tí Kò Gba Ẹnu Géètì Jáde

Èdìdì kò já, ṣéènì kò gé. Àgádágodo tí Mubarakah fọwọ́ ara rẹ̀ tì ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ṣì rọ̀ mọ́ géètì bí ó ti fi í sílẹ̀, àfi pé ó ti ń dógùn-ún díẹ̀. Ó gé wáyà èdìdì, ó tú àgádágodo, ó ti géètì sẹ́yìn, ó wọlé. Òkìtì òkúta wẹ́wẹ́ tó tìtorí rẹ̀ ti géètì náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀.

Nígbà tó wá lákọ̀ọ́kọ́, òkìtì yìí ga ju típà lọ. Ẹni tó bá dúró lápá kan rẹ̀ kò lè rí ẹni tó wà lápá kejì. Láàárọ̀ yìí, ewúrẹ́ kan ń jẹko lẹ́yìn èyí tó kù, gbogbo ara ewúrẹ́ náà ló sì hàn.

"Ẹ ti fojú ara yín rí i, Màdámú," ni Gbénga wí. Òun ni mánẹ́jà ilé-iṣẹ́ tó ń wa òkúta níbẹ̀, ọkùnrin tó sanra díẹ̀, tó wọ bàtà rọ́bà gígùn tí ẹrẹ̀ kò tíì kàn rí. "Olè ti kó wa lọ. Orí wa bá wa ṣe é, olè ọ̀hún ti wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá."

Ó nawọ́ sí ìta. Ọkọ̀ ọlọ́pàá kan wà lábẹ́ igi máńgòrò. Sájẹ́ńtì Jacob fara ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ń bó ẹ̀pà jẹ. Nínú ọkọ̀, lórí ìjókòó ẹ̀yìn, bàbá arúgbó kan tó dé fìlà funfun jókòó, ó ká ọwọ́ méjèèjì lé itan. Sàídì ni, mẹ́gáàdì tó ń ṣọ́ ibẹ̀.

Mubarakah kọ́kọ́ wo ọkọ̀ náà dáadáa. Kì í yára sọ̀rọ̀. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ìwakùsà ló ń bá ṣiṣẹ́, ibi ìwakùsà tó wà láàrin Sekona àti Alajue yìí sì wà lára àwọn tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Nígbà àbẹ̀wò àkọ́kọ́, ó bá kòtò ńlá kan lẹ́yìn ọgbà, èyí tí wọ́n ti wa òkúta inú rẹ̀ tán, tí wọ́n fi í sílẹ̀ láyanu lẹ́bàá ọ̀nà ẹsẹ̀ tí àwọn ará Alajue ń gbà lọ sódò. Ó ní kí wọ́n má wa nǹkan kan mọ́. Ó ní kí wọ́n dí kòtò náà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ó wá fi èdìdì ti géètì pa, kí òkúta tí wọ́n ti kó jọ má baà jáde kúrò nílẹ̀ títí wọn yóò fi ṣe ohun tó wí. Òkìtì náà ni ìdógò tó gbà lọ́wọ́ wọn. Lónìí ló padà wá wò ó bóyá wọ́n ṣe é.

"Kòtò ńkọ́?" ó béèrè.

"Kòtò?" Ojú Gbénga tàn. "A ti dí i, ó ti pẹ́! A tiẹ̀ ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì yín. Ẹ sá ti bá wa buwọ́ lù ú kí a padà sẹ́nu iṣẹ́. Ti olè yìí, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọlọ́pàá."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé òun ni?"

"Ta ló tún kù? Òun nìkan ló ń sùn síbí. Ilẹ̀kùn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà." Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbé ẹ̀bùn kalẹ̀. "Àti pé ó pa àgbò, Màdámú. Àgbò gidi! Iléyá ò tíì dé, kò sọmọ lórúkọ, kò sínkú. Àwọn tó ń kọjá ní títì ló gbọ́ òórùn ẹran. Mẹ́gáàdì! Níbo ló ti rówó tí yóò fi máa pa àgbò láìsí ọdún?"

"Mo gbọ́," ni Mubarakah wí.

Ó jáde lọ bá bàbá náà níbi ọkọ̀. Ó tẹ orúnkún kí i.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Ẹ káàárọ̀, Aláàjà. Ṣé àlàáfíà lẹ dé?"

"Wọ́n ní ẹ jí òkúta."

"Èmi náà gbọ́ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ẹ jí i?"

"Rárá o."

"Ṣé ẹ mọ ẹni tó kó o?"

Bàbá wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. "Aláàjà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní ìyẹn. Mi ò fẹ́ purọ́ fún yín, mi ò sì lè dáhùn."

"Ẹ ò rí i?" Sájẹ́ńtì Jacob da èèpo ẹ̀pà nù. Kò ní ọ̀rọ̀ búburú lẹ́nu. Ó kàn jọ ẹni tí ebi ń pa ni. "Látàárọ̀ ni mo ti ń bẹ̀ wọ́n. Bàbá, ẹ ro ó wò. Tí mo bá gbé yín dé Ẹdẹ, wọ́n á tì yín mọ́lé. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé ẹjọ́. Ní ọjọ́ orí yín yìí! Ẹ dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo péré, kẹ́ ẹ máa lọ jẹ ẹ̀kọ yín."

"Ẹ̀kọ ò wù mí jẹ, ọmọ mi."

"Ó dáa, kó máa wù yín títí a ó fi dé Ẹdẹ."

"Sájẹ́ńtì," ni Mubarakah wí, "ẹ fún mi láyè díẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé wọn lọ."

"Kí wọ́n tó pe ìrun àìlà, mo gbọ́dọ̀ ti kúrò níbí, Màdámú. Ọ̀gá mi ń retí mi."

"Ìyẹn ti tó."

*

Ìdí èdìdì ló kọ́kọ́ padà sí. Ọwọ́ òsì ni Mubarakah ń lò, tó bá sì ń lọ́ wáyà èdìdì, apá òsì ló máa ń lọ́ ọ sí. Ẹni tó bá já a tó fẹ́ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ yóò lọ́ tirẹ̀ sí ọ̀tún bí gbogbo ayé. Òsì ni wáyà tó gé láàárọ̀ yìí lọ́ sí. Òun náà ló ṣe é, kò sí ẹlòmíràn.

Ó yí ọgbà náà ká. Ògiri búlọ́ọ̀kù wà níwájú àti lápá méjèèjì, kò sí ibi tó lu, kò sí ibi tí wọ́n ti rẹ́ tuntun. Ẹ̀yìn nìkan ló ṣí sílẹ̀, níbi tí kòtò wà, níbi tí ọ̀nà ẹsẹ̀ gbà kọjá lọ sí Alajue. Oko ẹ̀gẹ́ ló tẹ̀lé e. Ebè tò lọ bẹẹrẹ, kò sí èyí tí táyà tẹ̀ fọ́. Típà kan kò lè gba ibẹ̀ kó má ba oko jẹ́, ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ kò sì ní dákẹ́ tí wọ́n bá ba oko rẹ̀ jẹ́.

Báwo wá ni òkúta tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ṣe jáde?

"Ọ̀kadà ni," ni Sájẹ́ńtì Jacob wí. Ó ti tẹ̀ lé e, bóyá nítorí pé ẹ̀pà ti tán. "Mo ti mú irú wọn rí. Wọ́n á di í sínú àpò sìmẹ́ńtì, wọ́n á gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ń jalè láyé ìsinsìnyí."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò burú, nítorí wọn kò rìn jìnnà ní ọ̀nà ẹsẹ̀ tí wọ́n fi rí ipa táyà ọ̀kadà nínú ẹrẹ̀. Ó rì wọlé dáadáa, bí ti ọ̀kadà tó ru ẹrù wúwo. Sájẹ́ńtì pàtẹ́wọ́. Wọ́n tẹ̀ lé e láàrin oko títí wọ́n fi dé Alajue, ó sì mú wọn lọ tààrà sí iwájú ilé kan tí wọ́n ti ń kọ́ yàrá kún un. Òkúta wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ga dé orúnkún.

Ìyá àgbà kan jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́. Ìlẹ̀kẹ̀ Ọ̀ṣun aláwọ̀ idẹ wà lọ́rùn rẹ̀, ọ̀pá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nílẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá."

"Ẹ káàbọ̀. Ha! Ọlọ́pàá!" Ìyá náà kò dá ọ̀bẹ dúró. "Kí la ṣe? Ṣé ẹ̀gẹ́ mi ló na ẹnì kan ni?"

"Ìyá, ẹ dákẹ́ àwàdà. Òkúta yìí, níbo lẹ ti rí i?" ni Sájẹ́ńtì bi í.

"Òkúta? Mo lóyún ẹ̀ ni. Àná ni mo bí i. Ẹ ò ní bá mi yọ̀?"

Mubarakah yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí Sájẹ́ńtì má baà rí ẹ̀rín rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú òkúta kan nínú òkìtì náà, ó yọ òmíràn tó ti mú wá láti inú ọgbà nínú àpò rẹ̀, ó kó méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́ Sájẹ́ńtì.

"Ẹ fọwọ́ kàn án."

"Èyí mú bí àfọ́kù ìgò."

"Ẹ̀rọ ló fọ́ ìyẹn. Ara àpáta ni wọ́n ti gé e. Tinú ọgbà, omi ló ti gbá a dán láti ayébáyé. Ó rí róbótó bí ẹyin àparò. Òkúta ìyá yìí kò ti ọ̀dọ̀ wa wá."

"Ẹ gbọ́ nǹkan!" ni ìyá náà wí. "Sekona lọmọ mi ti rà á. Ọ̀kadà rẹ̀ ló fi ń kó o gba ọ̀nà oko wá díẹ̀díẹ̀ bí èèrà. Àkànkẹ́ lorúkọ mi, ẹ bi gbogbo Alajue, kò sí ìgbà tí mo jí iyọ̀ rí, áḿbèlètasé òkúta. Ta tiẹ̀ lẹ ń wá kiri?"

"A ò wá ẹnikẹ́ni mọ́," ni Sájẹ́ńtì wí, inú rẹ̀ kò dùn. "A ti mú un. Sàídì, mẹ́gáàdì ibi kòtò. Ó wà nínú ọkọ̀."

Ọ̀bẹ dúró. Gbogbo àwàdà tó wà lójú Àkànkẹ́ ló kó lọ. Ó fa ọ̀pá rẹ̀ mọ́ra, ó dìde, Mubarakah sì rí i pé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, pé kò lè fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́.

"Sàídì tiwa?" ni Àkànkẹ́ béèrè. "Kí ló sọ?"

Mubarakah sún mọ́ ọn.

"Kò sọ nǹkan kan," ni Mubarakah dáhùn.

Ìyá náà padà jókòó díẹ̀díẹ̀. "Kò ní sọ náà," ó wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ìyá, kí ló ṣe yín lẹ́sẹ̀?"

"Mo ṣubú ni."

"Níbo?"

"Níbi tí ènìyàn ń ṣubú sí." Ó mú ẹ̀gẹ́ mìíràn nílẹ̀. Láti ìgbà náà, kò gbójú sókè mọ́.

*

"Ìyá yẹn mọ nǹkan," ni Sájẹ́ńtì wí bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀.

"Kí ló jẹ́ kẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ojú rẹ̀ yí padà."

"Ojú lè yí padà nítorí àánú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ ò gbọ́. Tí mo bá sọ fún yín pé wọ́n mú ẹnì kan tẹ́ ẹ mọ̀, kí lẹ máa kọ́kọ́ béèrè?"

Sájẹ́ńtì ronú. "Màá ní, kí ló ṣe?"

"Ìyá Àkànkẹ́ kò béèrè ohun tó ṣe. Ohun tó sọ ló béèrè. Ó mọ ohun tó ṣe."

Wọ́n ti dé ẹ̀yìn ọgbà. Mubarakah dúró lójú ibi tí kòtò wà tẹ́lẹ̀ rí. Òótọ́ ni Gbénga sọ téèyàn bá wò ó lókèèrè: kòtò náà ti kún dé etí, wọ́n ti da ilẹ̀pa sójú rẹ̀, koríko ti ń hù díẹ̀. Alábẹ̀wò tó ń kánjú ì bá ti fọwọ́ sí i kó máa lọ.

Kò kánjú. Ó rin orí rẹ̀ já láti etí kan dé èkejì, ó sì ń fi ẹsẹ̀ gbọ́ ọ. Ilẹ̀ tí katapílà bá tẹ́, á tẹ́ bí ẹní. Èyí kò tẹ́. Ó ń ga, ó ń rẹlẹ̀ lábẹ́ bàtà, bí ibi tí wọ́n da nǹkan sí díẹ̀díẹ̀ tí wọ́n wá fi sọ́bìrì fà á pọ̀. Ó mú igi, ó gbẹ́ ilẹ̀pa náà. Kò jìn. Lábẹ́ rẹ̀ ni òkúta wẹ́wẹ́ wà, róbótó, mímọ́, èyí tí wọ́n ti fi asẹ́ jọ̀ tí kò ní iyẹ̀pẹ̀ nínú.

Ibì kan ṣoṣo ló mọ̀ tí irú òkúta bẹ́ẹ̀ wà nítòsí.

Nígbà náà ló tó rí ohun tó wà lẹ́sẹ̀ igbó, lẹ́bàá ọ̀nà tó ti ibi òkìtì wá. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, tí wọ́n ká róbótó, tó ti gbẹ. Òmíràn wà níwájú, ti koríko. Òmíràn sì tún wà níbẹ̀ tó jẹ́ àkísà pupa. Òṣùká ni gbogbo wọn. Wọ́n jù wọ́n síbẹ̀ bí àwọn tó ru ẹrù ṣe ń ṣe tí iṣẹ́ bá ti parí, tí ọrùn bá ti ń ro wọ́n.

Mubarakah mú ti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà lọ́wọ́. Ní ọdún tó fi ru òkúta níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní Ẹdẹ, tó ń ti ibẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́, kò sí àkísà kan nílé tí ẹnì kan kò wọ̀ sára. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń ká. Láàárọ̀, ewé náà máa ń tutù lórí. Tó bá di ọ̀sán tó gbẹ, á bẹ̀rẹ̀ sí í gún un. Títí di òní ó mọ ibi tó máa ń gún un lórí.

Ó dá a padà sílẹ̀ níbi tó wà.

"Kí nìyẹn?" ni Sájẹ́ńtì béèrè.

"Ẹ jẹ́ ká wọlé."

Nínú ọgbà, ó yà síbi tí pélódà tí ilé-iṣẹ́ náà fi ń kó òkúta wà, ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó wo òkè rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó yà sí ìdí ahéré Sàídì. Èèkàn kan wà níbẹ̀, okùn ṣì wà lára rẹ̀. Ilẹ̀ tó yí i ká dán róbótó níbi tí ẹran ti jẹ koríko dé ibi tí okùn mú un dé. Láti ọjọ́ tó ti kéré ni wọ́n ti so ẹran náà síbẹ̀. Ẹni tó tọ́jú àgbò bẹ́ẹ̀ kò rà á, ó tọ́ ọ ni, fún Iléyá.

Kí ló wá ń mú Mùsùlùmí pa àgbò Iléyá rẹ̀ nígbà tí Iléyá kò tíì dé? Kò sọmọ lórúkọ, kò sínkú, gẹ́gẹ́ bí Gbénga ti wí. Gbénga ti ka gbogbo ohun tó mọ̀ tán. Ó ku ẹyọ kan tí ẹni tí kì í bá aládùúgbò ṣiṣẹ́ kò lè rántí.

*

Gbénga ti mú ìwé tó fẹ́ kí ó buwọ́ lù dání. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ọlọ́pàá, Sàídì ṣì wà nínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn o, Màdámú. Ṣé ẹ rí kòtò?"

"Mo rí i. Ẹ kú iṣẹ́. Kí lẹ fi dí i?"

"Ilẹ̀pa."

"Láti ibo? Mo ti géètì pa, típà kò lè wọlé."

"Èyí tó wà nílẹ̀ nínú ọgbà níbí."

"Ta ló fi pélódà kó o?"

"Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ wa ni."

"Ó mà mọṣẹ́ o. Ìtàkùn ti lọ́ mọ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ti gùn dé ibi ìjókòó, ó sì ti so. Ọmọ iṣẹ́ yín wa ẹ̀rọ náà láìjá ewé kan?"

Sájẹ́ńtì Jacob rẹ́rìn-ín láìmọ̀.

"Ọwọ́ la fi ṣe é," ni Gbénga wí kíá. "Sọ́bìrì. A háyà àwọn lébìrà."

"Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀, pé ọwọ́ lẹ fi ṣe é." Ohùn Mubarakah kò lọ sókè rárá. "Mo ti gbẹ́ ojú kòtò yẹn wò. Ilẹ̀pa tó wà lókè kò nípọn. Òkúta wẹ́wẹ́ tó ti òkìtì yín wá ló kún inú rẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà, Ọ̀gá Mánẹ́jà, ẹ mú ọ̀kan. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ dí kòtò, ẹ̀yin náà lẹ kó òkúta, kò sí olè, ẹ sì mú àgbàlagbà fún ọlọ́pàá lórí ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe. Tó bá sì jẹ́ pé wọ́n kó o láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, ẹ̀yin kọ́ lẹ dí kòtò, irọ́ lẹ kọ ránṣẹ́ sí ìjọba."

Gbénga la ẹnu, ó pa á dé. "Àwa… àwa la dí i."

"Ẹ̀yin lẹ kó òkúta, nígbà náà."

"Rárá o! Wọ́n jí i ni!"

"Èwo ló wá wà nínú kòtò?"

Gbénga ká ìwé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra.

"Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá," ni Sájẹ́ńtì wí. "Èyí ò tilẹ̀ dé ọjà. Orí ẹni tó sọ ọ́ ló balẹ̀ sí."

"Ta ló wá kó o?" Gbénga figbe ta. "Òkúta kò ní ẹsẹ̀! Ẹnì kan ló kó o!"

Mubarakah ti yíjú sí inú ọkọ̀.

"Bàbá, àgbò yín, mo rí èèkàn rẹ̀. Ẹ tọ́ ọ fún Iléyá, ẹ wá pa á ṣáájú. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹni tó bá bẹ ènìyàn ní ọ̀wẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n fi ebi ṣiṣẹ́. Tí ọ̀wẹ̀ náà bá kéré, ó lè fi ẹ̀wà ṣe é. Tí iṣẹ́ náà bá le, tí àwọn tó wá bá pọ̀, á wá ẹran pa. Ẹ ò ní nǹkan mìíràn ju àgbò yẹn lọ."

Ojú Gbénga ni Sàídì ń wò bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀ ni mo ti sọ fún yín. Obìnrin kan ti ń bọ̀ lódò, ilẹ̀ yọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó já sínú kòtò. Ariwo rẹ̀ ni mo gbọ́. Okùn àgbò ni mo tú tí mo fi fà á jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dá. Mo pè yín lórí fóònù, ẹ ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Òjò kejì rọ̀, omi kún kòtò, mo tún pè yín. Ẹ ní kí n yé dà yín láàmú, pé ọgbà lẹ gbà mí láti ṣọ́, ẹ ò gbà mí láti ṣọ́ kòtò." Ó mí sínú. "Àwọn ọmọ kéékèèké ń gba ibẹ̀ lọ pọnmi. Mo rí i pé bí mo ṣe ń ṣọ́ òkúta, òkú ni màá fi ṣọ́ gbẹ̀yìn. Èmi ni mo bẹ ènìyàn ní ọ̀wẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n kó o. Mo dúró tì wọ́n, páànù òkúta kan kò gba ilẹ̀kùn kékeré yẹn jáde, páànù kan kò lọ sílé ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ orúkọ tèmi sílẹ̀."

"Àwọn wo lẹ bẹ̀?" ni Sájẹ́ńtì béèrè.

Bàbá tún padà wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ fúnra yín!" ni Gbénga wí. "Ó jẹ́wọ́! Wọ́n wọ ibi tí ìjọba fi èdìdì dì! Gbogbo wọn ni kẹ́ ẹ mú, gbogbo Alajue!"

Mubarakah gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yọ bírò, ó fa ìlà sí ibi tí wọ́n kọ pé kí wọ́n ṣí iṣẹ́ padà. Lábẹ́ rẹ̀ ló kọ̀wé sí, kò yára, ó sì ń kà á sókè bó ṣe ń kọ ọ́ kí Sájẹ́ńtì lè gbọ́.

"Mo fi èdìdì ti géètì kí òkúta má baà jáde kúrò ní ilẹ̀ yìí. Òkúta kankan kò jáde. Ó kúrò lápá kan ọgbà, ó lọ sí apá kejì. Ohun tí mo pa láṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ ṣe, òkúta ilé-iṣẹ́ náà ni wọ́n fi ṣe é, ilé-iṣẹ́ kọ́ ló ṣe é. Òkúta lásán kò tó láti fi dí kòtò. Ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kó ilẹ̀pa wá kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Títí dìgbà náà, géètì yóò wà ní títì."

"Màdámú, ẹ jọ̀ọ́…"

"Mo ti kọ ọ́ tán."

"Mo lé e níṣẹ́!" Gbénga nawọ́ sí Sàídì. "Láti ìsinsìnyí lọ, mo ti lé e!"

"Ìyẹn wà lọ́wọ́ yín," ni Mubarakah wí. Kò sí ohun tó lè ṣe sí ìyẹn, ó sì dùn ún, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó hàn lójú rẹ̀.

Sájẹ́ńtì Jacob ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀. "Bàbá, ẹ̀sùn ti tán. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ."

Sàídì kò mira.

"Bàbá? Mo ní kẹ́ ẹ máa lọ. Kí ló dé? Ẹni tí a mú á máa bẹ̀ wá pé ká fi òun sílẹ̀, ẹ̀yin tí a fi sílẹ̀ ẹ tún jókòó gelete!"

Mubarakah ni bàbá náà ń wò, ojú rẹ̀ le díẹ̀, bí ojú ẹni tó ń dúnàádúrà tí kò sì fẹ́ kí wọ́n rẹ́ òun jẹ.

"Aláàjà," ó wí, "àwọn tó kù ńkọ́?"

Láti ọ̀nà Ẹdẹ, atẹ́gùn gbé ohùn ìpèrun àìlà wá, ó gbé e lọ, ó tún gbé e padà. Mubarakah ká ìwé rẹ̀, ó fi í sínú báàgì, ó fa síìpù rẹ̀ dé ìparí.

"Àwọn wo, Bàbá?" ó béèrè.

Ojú Sàídì rọ̀. Lẹ́yìn náà, ó tún fìlà rẹ̀ dé dáadáa, ó gbé ẹsẹ̀ kan jáde, ó gbé èkejì, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Kò wo ọ̀nà ahéré rẹ̀. Ó ń wá omi tí yóò fi ṣe àlùwàlá.

Sájẹ́ńtì Jacob di ilẹ̀kùn náà mú síbẹ̀, kò tì í. Ó yíjú sí Gbénga.

"Ọ̀gá Mánẹ́jà, ẹ̀sùn olè tí ẹ mú wá láàárọ̀, ó ní láti ní ìparí nínú ìwé wa ní àgọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọlé. Àyè ti ṣí."